Ùghà Ìye ní Pítà-Òfò

Oríṣiríṣi wèrè ló wà láyé, ṣùgbọ́n èyí tó lówó lọ́wọ́ ni kò sẹ́ni tí í dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó gun ọ̀kadà ní Ọ̀wọ̀, kó ní kí wọ́n gbé òun dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Bó bá ti kọjá ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, tí ojú ọ̀nà di erùpẹ̀ pupa, yóò ṣàdédé rí ilé gbàǹgbà kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè àti funfun, tó gùn bí ilé ẹ̀kọ́, tí nǹkan roboto kan tó ń dán jókòó sórí òrùlé rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà níwájú ilé náà, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í gbà á. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ère ìhòòhò tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Odò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sì lọ gbọọrọ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Irú rẹ̀ ní Rọ́ṣíà wọ inú òkun lọ. Tiwa wọ inú oko ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Fàsásì.

Adékọ́lá tó kọ́ ọ ní Pítáhọ́ọ̀fù ni orúkọ rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ààfin Ọba Pítà ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí òun wò kọ́ ọ. Fúnmiọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Pítà-Òfò? Orúkọ yẹn bá a mu." Kí oṣù tó parí, àwọn ọlọ́kadà kò pe ibẹ̀ ní nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n á dúró síwájú ọjà, wọ́n á máa ké pé, "Pítà-Òfò, ẹnì kan kù o!"

Ẹnu obìnrin yìí mú, ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀wọ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò na ọmọ rí. Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ sí wọn ni, tí ọmọ tó ṣẹ̀ á sì máa fi ojú wá pàṣán fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sí ilé tí wọ́n bí i sí, ó gba yàrá kan lọ́dọ̀ Ìye, ìyá rẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Adékọ́lá, àbúrò rẹ̀, ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́níngráàdì ní Rọ́ṣíà ni ọ̀gbẹ́ni náà ti kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, nígbà tí ìlú yẹn ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dé, ó di agbaṣẹ́ṣe, ó ń la títì kiri. Àwọn títì náà ti bàjẹ́. Owó wọn kò bàjẹ́.

Ilé Ìye kì í ṣe ilé tí ẹnikẹ́ni ń ya fọ́tò rẹ̀. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ní ùghà láàárín, àgbàlá onígun mẹ́rin tó ṣí sójú ọ̀run, tí àwọn yàrá yí ká, irú èyí tó kún inú ààfin Ọlọ́wọ̀. Ibẹ̀ ni Ìye ń jókòó sí láàárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ló ti ń gba àlejò. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ da omi síbẹ̀. Omi ìfọwọ́, omi ẹ̀wà, omi tí ọmọdé fi fọ ẹnu, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, sínú gọ́tà.

Ìyá tó bí Ìye ló fi èèwọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Ọrọnsẹn ni, olorì Ọlọ́wọ̀ ayé àtijọ́, tí kò fẹ́ kí wọ́n da omi sí àgbàlá lójú òun, tí kò fẹ́ kí wọ́n ju ìdì igi lulẹ̀ gbì, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n lọ ilá. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí i, ó dìde, ó lọ, gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku ni Ìye, kò sì rí ìjà kankan láàárín oúnjẹ alẹ́ Olúwa àti omi tí wọn kì í dà sí ùghà. Ó ní ohun tó lé obìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀, a kì í fi ṣeré nílé obìnrin mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni Adékọ́lá wọlé, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìye. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ìdọ̀bálẹ̀.

"Ìye, ulé yín ti parí o."

"Ulé mi rèé, Kọ́lá," ni Ìye wí. "Kí ló se é?"

"Èyí ti gbó, Ìye. Yàrá yín níbẹ̀ nìkan fẹ̀ ju gbogbo ilé yìí lọ. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, ibẹ̀ lẹ máa sùn, ibẹ̀ náà lẹ ó sì máa gbé. Ẹ ó máa jókòó níwájú, ẹ ó máa wo omi."

"Èyí ńkọ́?" Fúnmiọlá bi í, ó na ọwọ́ yí gbogbo ilé ká.

Adékọ́lá kò wo ojú rẹ̀. "A máa wó o. Ilé ìtura ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ní yàrá lọ́dọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi? Kí n máa jí sáàárín àwọn àgbà ọkùnrin tí kò wọ ṣòkòtò?"

Ìye rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adékọ́lá lọ tán, ohun tó sọ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti kọ́ ọ tán, Fúnmi. Bí mo bá ní mi ò lọ, ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́ ẹ."

Bàbá wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé kó tó kú pé Ìye ló ni ilé àtijọ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí Ìye bá wà nínú rẹ̀, kò sí ọmọ tó lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, tó lọ sùn sílé ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe, kátápílà wọlé. Fúnmiọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì bà á gan-an, nítorí kò ní ibòmíràn tó ń jẹ́ ilé láyé yìí, kò sì ní ẹlòmíràn tó lè jí rí láàárọ̀. Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Fúnmiọlá ń bú ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ń gé ẹ̀fọ́, Pítà-Òfò ni. Bí ó bá ń gbálẹ̀, Pítà-Òfò ni. Ìye á kàn máa wò ó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí ilé, Adékọ́lá wá fi mọ́tò gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó wá wo ibẹ̀, kó lè bá òun sọ ìtàn ààfin Rọ́ṣíà náà fún àwọn àlejò lọ́jọ́ náà. Ó ní òun mọ omi, òun mọ òkúta, ṣùgbọ́n Fúnmiọlá ló mọ ìtàn, òun ló sì lẹ́nu. Fúnmiọlá tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó fẹ́ bú nǹkan yẹ kó rí i dáadáa.

Ó rí i dáadáa. Oko kòkó bàbá wọn ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Kòkó ibẹ̀ ló ra kóòtù nínípọn tí Adékọ́lá wọ̀ lọ sí Rọ́ṣíà, kó má bàa kú sínú òtútù. Gbogbo rẹ̀ ló gé. Òdòdó tí kò lórúkọ ní Yorùbá ló gbìn rọ́pò, wọ́n sì ti fi àlùmágàjí rẹ́ wọn lórí roboto roboto. Ọyẹ́ ti ń jó wọn létí. Ní àárín àwo omi ńlá kan, ère Sámúsónì inú Bíbélì dúró, wọ́n kùn ún ní wúrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹnu kìnnìún ya. Ti Rọ́ṣíà náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ láti fi rántí ogun tí Pítà ṣẹ́gun àwọn ará Swídìn. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére ará Ìjagba tó gbẹ́ èyí kò rí kìnnìún rí.

"Kọ́lá," ni Fúnmiọlá wí, "eyín wo ló ń dun ajá yìí?"

Adékọ́lá gbé e mì. Ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Ó ní ohun tó jẹ́ ìyanu nínú ti Pítà ni pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ti omi sókè níbẹ̀. Láti orí ilẹ̀ gíga, níbi tí ìsun wà, ni omi ti ń rìn bọ̀ nínú kòtò, tó ń sinmi nínú adágún, tó sì ń fi agbára ara rẹ̀ fò sókè nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀. Láti ayé Pítà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe.

"Tìrẹ ńkọ́? Odò wa kò ha wà ní àfonífojì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi wá ń gun òkè fúnra ẹ̀ nítorí pé o lọ sí Rọ́ṣíà?"

Kò pọn dandan kí Adékọ́lá dáhùn, nítorí jẹnẹrétọ̀ kan ń wúkọ́ lẹ́yìn àwọn òdòdó, Jonah tó ń bójú tó o sì ń da epo sí i.

Wọ́n jókòó sẹ́bàá àwo omi náà. Bóyá nítorí pé wọ́n jẹ́ àwọn méjì péré ni, Adékọ́lá sọ ohun tí kò sọ rí. Ó ní ọdún tí òun kọ́kọ́ dé Lẹ́níngráàdì, òun kò gbọ́ èdè, òun kò ní ọ̀rẹ́, òtútù sì fẹ́ pa òun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn dé, olùkọ́ kan kó gbogbo kíláàsì lọ sí ààfin náà. Wọ́n ṣí omi. Ó ní omi yẹn ṣàdédé dìde láti gbogbo ibi, òòrùn ràn sí i lára, ni òun bá jókòó sórí koríko, òun ń sunkún, òun ń wí lọ́kàn pé Ìye gbọ́dọ̀ rí irú èyí kó tó kú.

Fúnmiọlá wo àbúrò rẹ̀. Ó rí i bó ṣe rí ní kékeré, orí gbàǹgbà, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Nǹkan kan fẹ́ rọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rántí kátápílà.

"Iwájú ibí yìí, níbi tí Ìye máa jókòó sí," ni Adékọ́lá wí, "mo fẹ́ kọ orúkọ sára òkúta síbẹ̀. Ní Rọ́ṣíà, gbogbo igun ló lórúkọ. Mo fẹ́ pè é ní Gádìnnì Màmá."

"Gádìnnì?" Fúnmiọlá yínmú. "Ṣé ìyá òyìnbó ni ìyá wa? Ààfin tó wà ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n ń pe ti ibẹ̀?"

"Ùghà."

"Pè é ní Ùghà Ìye."

Ojú Adékọ́lá là. Ó tún un pè lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ní ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé, ẹ rántí. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbá a létí nítorí omi ìfọwọ́, ó sì ti gbàgbé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbá a. Fúnmiọlá kò gbàgbé ohunkóhun. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó ṣe ń padà lọ sí Ọ̀wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Gbogbo ẹni tó ní kóòtù ní Ọ̀wọ̀ ló wọ kóòtù wá, bí ooru ṣe mú tó. Wọ́n gbé Ìye jókòó sórí àga kan tó ní ẹsẹ̀ wúrà, nínú aṣọ funfun, gèlè funfun lórí rẹ̀. Ó ń wo àwọn ère, ó ń mú ojú kúrò lára wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sẹ́ni tí kò rí i. Adékọ́lá ló fi mọ́tò tirẹ̀ gbé e wá fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ lọ́nà.

Fúnmiọlá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ kú àpéjọ o. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn ààfin tí wọ́n wò kọ́ èyí. Ọba kan ló wà, Pítà, ọkùnrin gíga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ wọ ilé ara rẹ̀. Ó gbọ́ nípa ààfin ọba ilẹ̀ Faransé, ó ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀ lẹ́bàá òkun. Nítorí náà, ẹ má bú àbúrò mi pé ó ń wo ti ẹlòmíràn kọ́lé. Ẹni tí àbúrò mi wò kọ́lé, òun náà wo ti ẹlòmíràn ni."

Ẹ̀rín sọ.

"Pítà kò gbẹ́ ilẹ̀ o. Ọmọ ogun àti àgbẹ̀ tí wọ́n fi tipátipá kó wá ló gbẹ́ ẹ, nínú ẹrẹ̀, nínú òtútù. Ère pọ̀ níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ère ẹnì kan nínú wọn. Pítà yìí ní ọmọkùnrin kan, Alẹkisí. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ba ọmọ náà, ó sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n tàn án wálé, bàbá rẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n, inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Ẹni tó lè mú kí omi fò sókè láìlo ẹ̀rọ, kò lè bá ọmọ rẹ̀ jókòó. Nígbà tó yá, ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀, Katirínì, jí nínú ọgbà yẹn kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó lọ gba adé mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ náà kò pẹ́ láyé mọ́. Nígbà ogun Hítílà, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ibẹ̀, ààfin jóná, Sámúsónì pòórá. Òmíràn ni wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun. Ẹ fojú inú wò ó, Sámúsónì tó fa kìnnìún ya, wọ́n jí òun fúnra rẹ̀ gbé. Ilé tó gbé ọmọ mì, tó gbé ọkọ mì, nìyẹn. Òun ni àbúrò mi, ọlọ́gbọ́n ènìyàn, wò, tó ní, 'Áà, ibi tí ìyá mi máa sùn nìyí!'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ní òun kò gbádùn ìtàn tó báyìí rí. Ìyẹn gan-an bí Fúnmiọlá nínú, nítorí kò sọ ọ́ kí wọ́n lè gbádùn rẹ̀. Adékọ́lá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń ha lẹ́sẹ̀. Ìye nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú Adékọ́lá ni ó ń wò.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ká aṣọ kúrò lára òkúta mábù. ÙGHÀ ÌYE, ní lẹ́tà gàdàgbà. Alága ètò kà á sókè. Adékọ́lá gbé ọwọ́ sí Jonah, jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù, omi sì dìde.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un: ó dára. Omi jáde lẹ́nu ajá Sámúsónì, ó ga ju òrùlé lọ. Ó ń ṣàn lórí àtẹ̀gùn, ó ń tàn yanran. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọyẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ó kọjú omi sí apá ibi tí Ìye wà, ó ń dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ṣàá, ṣàá, títí ilẹ̀ fi rin, tí ó fi dé sálúbàtà rẹ̀. Ìye gbé ẹsẹ̀. Ó wo omi. Ó wo òkúta mábù. Ó tún wo omi.

"Kọ́lá," ó pè é. "Ta ní ń da omi sí ùghà mi?"

Jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́. Fúnmiọlá gbọ́; ó ti ń retí rẹ̀. Lákòókò kan náà, àwọn alásè tó wà lẹ́yìn ilé sọ ìdì igi kalẹ̀ látorí ọkọ̀, gbì! Ilá nìkan ló kù kó pé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kò lọ ọ́ ní kíṣìnnì.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ya fọ́tò, àga ẹlẹ́sẹ̀ wúrà ṣófo. Gèlè funfun kan ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa.

Wọ́n wá a nínú yàrá, wọ́n wá a lẹ́yìn òdòdó. Ẹnì kan tilẹ̀ tẹjú mọ́ inú àwo omi. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló sọ fún wọn níkẹyìn. Ó ní Màmá jáde, wọ́n gun ọ̀kadà ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zakariyah. Ó ní òun bi wọ́n pé, "Màmá, ẹ̀yin àti ta ni?" wọ́n ní àwọn àti Ọlọ́run ni.

Adékọ́lá mú gèlè náà dání, kò gbé e sílẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Inú Fúnmiọlá dùn. Ilé bọ́! Ìye bọ́! Ó bọ́ sórí ọ̀kadà mìíràn, eruku sì ń bò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà títí dé Ọ̀wọ̀ ló fi ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Ìye nípa ojú tí Adékọ́lá ṣe.

Ìye wà nínú ùghà, lórí àpótí rẹ̀, orí rẹ̀ ṣófo, irun funfun rẹ̀ wà níta. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìye, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ kú báyìí! Bí ẹ bá rí ojú Kọ́lá! Ó di gèlè yín mú bí ẹni—"

"Jókòó."

"Ìye, ó yẹ kí ẹ rí i—"

"Mo ní jókòó, Fúnmi."

Ó jókòó. Ìye ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù.

"Ta ló sọ ibẹ̀ lórúkọ?"

Fúnmiọlá na ọwọ́ sí àtẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀wà.

"Kọ́lá wí fún mi nínú mọ́tò," ni Ìye ń bá a lọ. "Inú ẹ̀ ń dùn. Ó ní, 'Ìye, ẹ̀gbọ́n mi ti gba tèmi. Òun ló fún mi lórúkọ.' Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní, 'Orúkọ wo?' Ó ní kí n dúró, pé mo máa rí i tí a bá débẹ̀."

"Ìye, nítorí ilé yìí ni. Wọ́n fẹ́ wó o."

"Gádìnnì ló kọ́. Omi ń wọ gádìnnì, èèwọ̀ ò sí níbẹ̀. Mo ti múra láti lọ wo omi ọmọ mi. Ìwọ lo sọ ọ́ di ùghà." Ìye gbójú sókè. "Àwọn orogún Ọrọnsẹn, wọ́n mọ èèwọ̀ ẹ̀ o. Ẹni tí kò mọ̀ kọ́ ló lé e jáde nílé. Kọ́lá ò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ ni."

"O ò wí bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo wà níbí, mo ń dúró dè ọ́. O bú ère, o bú odò, o bú kìnnìún. Láti àárọ̀ dalẹ́, o ń bú. O ò wí lẹ́ẹ̀kan pé, 'Ìye, ẹ má lọ, ẹ dúró tì mí.' Ọ̀rọ̀ yẹn kò gùn. Bí o bá wí i, ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Ojú ti Fúnmiọlá. Kì í ṣe ojú títì tí ènìyàn ń fi ẹ̀rín bò. Ó wo ẹ̀wà inú àtẹ, kò sì lè gbé orí sókè, nítorí òótọ́ ni: ó ti sọ ohun gbogbo tán àfi èyí tó fẹ́ sọ.

Ẹnu ọ̀nà dún. Adékọ́lá bọ́ bàtà síta, ó wọlé. Ṣòkòtò rẹ̀ rin dé orúnkún. Kò dọ̀bálẹ̀; ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ùghà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé, ó sì gbé gèlè náà lé orí itan ìyá rẹ̀.

"Jonah ló rán mi létí," ni ó wí. "Ọmọ ibí náà ni. Ó ní, 'Ọ̀gá, ṣé wọ́n ń da omi sí ùghà ni?' Ìye, mi ò rántí. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí."

"Mo mọ̀," ni Ìye wí. Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "Omi rẹ dára, Kọ́lá. Bí o ṣe wí fún mi nínú mọ́tò, òtútù fẹ́ pa ọ́ níbẹ̀, o sì rántí mi. Mo máa wá wò ó, bí o bá yọ òkúta yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n ulé mi rèé. Ibí ni mo ti ń sùn."

"A ò ní wó o mọ́, Ìye."

"O ṣeun." Ó ti àtẹ ẹ̀wà síwájú. "Ebi ń pa mí. Fúnmi, fọ ẹ̀wà yìí, kí o gbé e ka iná."

Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé òun dárí jì í. Kò sọ pé òun kò dárí jì í.

Fúnmiọlá gbé ẹ̀wà, ó fọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó yọ ẹ̀wà kúrò, ó ku omi, omi dúdú tó ní eruku, ó kún abọ́ dé etí. Ọ̀nà tó lọ sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé gba inú ùghà kọjá. Adékọ́lá sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí àárín ọ̀nà gan-an, ẹsẹ̀ tútù, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ olówó iyebíye tó ti di àkísà.

Ọ̀rọ̀ kan wá sí Fúnmiọlá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó jẹ mọ́ Sámúsónì, ó jẹ mọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì pé pérépéré, kò sẹ́ni tí kò ní rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́. Adékọ́lá rí i lójú rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń dúró dè é, bí àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń ṣe.

Fúnmiọlá di abọ́ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ká ẹsẹ̀ kò, Kọ́lá," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Omi wà lọ́wọ́ mi."